Ìrẹsì Aláwọ̀ Wúrà àti Ẹ̀rí-ọkàn Onígbàgbọ́

Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìgbàgbọ́ àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Bóyá ó ń retí pé n ó kọ̀wé lórí ìṣẹ̀dá ayé ní ọjọ́ mẹ́fà, nítorí ìyẹn ni àwa àlùfáà sábà máa ń kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí jù lọ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́fà. Ti inú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Wọ́n ń bi mí bóyá ó tọ́ kí Onígbàgbọ́ jẹ oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ kan jíìnì rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó wà nínú irúgbìn àti nínú ara ẹ̀dá gbogbo, tí ó ń mú kí ọmọ jọ bàbá tàbí kí ó jọ ìyá. Àwọn ìkìlọ̀ tí ń kiri lórí fóònù ti dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ fún mi pé a ti wàásù lòdì sí i ní ìjọ wọn.

Ìdáhùn mi kò gùn: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀ ni ó gùn, ibì kan sì wà lójú ọ̀nà náà tí èmi àti àwọn onímọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún ara wa. Ìrẹsì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí lórí ìrẹsì ni àríyànjiyàn náà ti le jù lọ ní gbogbo ayé.

Ebi méjì ni ó wà. A mọ èyí tí ń mú ikùn kígbe. Èkejì kì í kígbe. Ní Bangladesh, ní Philippines àti ní apá púpọ̀ nínú India, ìrẹsì ni oúnjẹ òwúrọ̀, òun ni ti ọ̀sán, òun náà ni ti alẹ́, ohun tí tálákà sì ń rí fi jẹ ẹ́ kò ju iyọ̀ àti ata díẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ọmọ náà yó. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ń wá irin tí a fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó ń wá síńkì tí a fi ń dàgbà tí a sì fi ń bá àrùn jà, ó ń wá fítámì Á tí ojú fi ń ríran. Bí fítámì Á bá ṣe aláìtó, àmì tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni pé ọmọ náà ń kọsẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sáré kiri àgbàlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láti 250,000 títí dé 500,000 ọmọdé ni ojú wọn ń fọ́ lọ́dọọdún nítorí àìní yìí, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn ni ń kú kí ọdún kan tó yípo. Èmi kò lè ka irú iye yìí kí n sì máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ jíìnì bí ẹni tí ń ṣe eré.

Ìrẹsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìní pátápátá. Ohun rere tí ó wà lára hóró rẹ̀, inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bò ó àti ibi tí ó ti ń hù ni ó pọ̀ sí. Òróró wà nínú awọ náà, òróró yìí ni kì í jẹ́ kí ìrẹsì tí a kò bó pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó máa rùn. Nítorí náà ni ẹ̀rọ fi ń bó o kúrò, tí ìrẹsì fi ń funfun gbòò, tí a sì ń kó ohun tí ì bá ṣe ọmọ ènìyàn ní àǹfààní fún adìẹ. Irin tí ń ṣẹ́kù nínú kílò kan ìrẹsì funfun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju mílígíráàmù 2 lọ. Àwọn onímọ̀ ń fẹ́ kí ó tó 13. Ti síńkì jẹ́ nǹkan bí 16, wọ́n ń fẹ́ kí ó di 28.

Ẹnìkan yóò wí pé kí àwọn ènìyàn náà máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹran. Òtítọ́ ni, kò sì sí onímọ̀ kan tí ó sọ pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Owó ni kò sí. Hóró òògùn fítámì Á wà pẹ̀lú, tí a ń fún àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n òògùn ń fẹ́ mọ́tò, ó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń fẹ́ ìjọba tí yóò rántí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Irúgbìn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí. Bí àgbẹ̀ bá ti gbìn ín, tí ó sì fi díẹ̀ pamọ́ fún ọdún tí ń bọ̀, ohun rere náà ń bá a lọ.

Bíbélì kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí àdéhùn Jékọ́bù àti Lábánì: gbogbo ẹran tí ó bá ní àmì tàbí tóótòòtó lára ni yóò jẹ́ owó iṣẹ́ Jékọ́bù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Lábánì, tí a mọ̀ ní ẹlẹ́tàn, ṣa gbogbo ẹran alámì kúrò nínú agbo, tí ó sì fi àwọn aláwọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọmọ àna rẹ̀ láti dà. Síbẹ̀ àwọn aláwọ̀ kan ṣoṣo yìí ń bí alámì. Orí ọ̀pá tí Jékọ́bù bó ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí. Bí ẹ bá ka orí tí ó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé nínú àlá ni a ti fi hàn án pé àwọn òbúkọ tí ń gun ẹran náà jẹ́ alámì. Mo kà á bẹ́ẹ̀: àmì náà wà nínú wọn, ó farapamọ́ ni. Ohun tí òbí kò ní lára lè wà nínú rẹ̀ tí yóò fi fún ọmọ.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ìfarapamọ́ yìí bí a ti ń ka owó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Gregor Mendel, ẹni ẹ̀jẹ́ nínú ilé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀gọ́sítínì ní ìlú Brno, gbin ẹ̀wà píì sí ọgbà ilé ìsìn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi èyí bá ọ̀hún lò, ó sì ń ka àwọn ọmọ. Ó ka ìwé rẹ̀ sétí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1866, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí títí di ọdún 1900, nígbà tí òun ti kú. Wọ́n fi í jẹ olórí ilé ìsìn náà ní 1868, ọ̀rọ̀ àkóso sì gba gbogbo àkókò rẹ̀. Àlùfáà èyíkéyìí tí ó ti jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò ní béèrè ìdí tí kò fi gbin ẹ̀wà mọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ Mendel náà ni wọ́n ṣì ń ṣe lórí ìrẹsì. Akọ àti abo wà nínú òdòdó ìrẹsì kan náà, ó sì máa ń fún ara rẹ̀ lóyún. Nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ pa irú méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mú kékeré yọ akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú òdòdó náà kí wọ́n tó là, kí ó fi àpò bébà bò ó, kí ó sì gbọn lẹ́búlẹ́bú akọ ti irú kejì sí i lórí. Ìlàjì ohun tí ó wà nínú ọmọ yóò ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìlàjì yóò ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ìrẹsì tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí kì í so dáadáa, tàbí tí ó ń ṣubú bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, tàbí tí kò dùn. Wọ́n ní láti máa dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ irú tí àgbẹ̀ fẹ́ràn, ìran lẹ́yìn ìran, kí wọ́n sì máa wò ó bóyá síńkì náà ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2005 tí àwọn onímọ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì ìrẹsì tán, iṣẹ́ náà yára díẹ̀, nítorí wọ́n lè já ewé kékeré kan kí wọ́n sì mọ ohun tí ó wà nínú irúgbìn kí ó tó so.

Síńkì kò dà bí àwọ̀ òdòdó ẹ̀wà Mendel tí jíìnì kan ń ṣe àkóso rẹ̀. Èésú ni. Jíìnì púpọ̀ ni ó ń dá a: èyí ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti fa síńkì jáde nínú ilẹ̀, èyí ń gbé e gòkè lọ sínú ewé, òmíràn ń kó o sínú hóró, ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá sì kéré. Bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò bá ní síńkì, kò sí ohun tí gbogbo wọn lè dá. Pẹ̀lú gbogbo ìnira yìí, ní ọdún 2013, ilé ìwádìí ìrẹsì ti Bangladesh fi irú kan tí wọ́n ń pè ní BRRI dhan62 sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Òun ni ìrẹsì oní-síńkì àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ gbìn ní ayé, fífi akọ bá abo lò lásán ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ǹjẹ́ irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ ń ṣe ara ní rere ní tòótọ́? Àwọn sísítà ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú ilé àwọn obìnrin ẹ̀jẹ́ mẹ́wàá ní àgbègbè Manila, sísítà 192 gbà láti jẹ ìrẹsì tí a bá fún wọn fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan jẹ èyí tí irin inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 3.2 nínú kílò kan, àwọn yòókù jẹ ti ọjà tí tirẹ̀ kò ju 0.6 lọ, àwọn tí ń jẹun àti àwọn tí ń wọ̀n wọ́n kò sì mọ èwo ni èwo. A tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2005. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pé ní ìbẹ̀rẹ̀, irin tí ara wọn tò pamọ́ lékún. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò pọ̀ sí i. Èrè náà jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ni. Bí mo bá ti ka ìwádìí yìí, Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bábílónì ni mo máa ń rántí, tí wọ́n ní kí a dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá kí a sì wá fi ojú wọn wé ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ìgbàgbọ́ kò mú kí Dáníẹ́lì kọ ìdánwò. Òun ni ó béèrè fún un.

Ọ̀rọ̀ fítámì Á yàtọ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà tí ara wa ń sọ di fítámì Á ni ó ń pọ́n nínú epo pupa àti nínú kárọ́ọ̀tì. Ó wà nínú ewé ìrẹsì. Kò sí nínú hóró rẹ̀. Ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé tí ó wà ní Los Baños ní Philippines kó irú ìrẹsì tí ó ju 100,000 lọ pamọ́, a kò sì rí ọ̀kan nínú wọn tí inú hóró rẹ̀ ní èròjà yìí. Níbi tí bàbá kò sí, ta ni a ó fi ṣe ìgbéyàwó?

Ingo Potrykus ní Zurich àti Peter Beyer ní Freiburg ní Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú jíìnì láti inú òdòdó dáfódíìlì àti láti inú kòkòrò àìfojúrí kan, wọ́n fi sínú ìrẹsì, hóró rẹ̀ sì pọ́n bí wúrà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Èròjà náà kéré nígbà náà, máíkírógíráàmù 1.6 nínú gíráàmù kan. Ní 2005, àwọn onímọ̀ mìíràn yọ jíìnì òdòdó náà, wọ́n fi ti àgbàdo rọ́pò rẹ̀, ó sì gòkè dé 37. Àgbàdo, ẹ̀yin ará! Ohun tí à ń jẹ pẹ̀lú àgbọn ní ìgbà òjò ni àwọn kan ń pè ní ohun àjèjì. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún irin, nígbà tí fífi akọ bá abo lò kò lè gbé e dé 13 tí mo sọ lókè: wọ́n mú jíìnì láti inú ẹ̀wà sóyà àti láti inú ìrẹsì fúnra rẹ̀, ìròyìn 2016 sì fi hàn pé irin inú ìrẹsì funfun náà dé 15 ní oko ìdánwò, síńkì rẹ̀ sì ju 45 lọ.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n sábà máa ń nà sí mi ni ti Léfítíkù, níbi tí a ti kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti gbin irúgbìn méjì pọ̀ sí oko kan. Ẹsẹ kan náà kọ̀ fún wọn láti wọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ yìí bá ìrẹsì jà, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí a kọ sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bóyá òwú nìkan ni. Nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, ohun tí a kọ́ wa nípa àwọn òfin wọ̀nyí ni pé ìyàsọ́tọ̀ Ísírẹ́lì láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fi hàn, wọn kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn bàbá wa náà gbin àgbàdo sáàrin iṣu, wọ́n sì jẹ méjèèjì.

Àwọn mìíràn ní à ń gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yìí, nítorí ó sàn ju àìbẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n ìrẹsì inú igbó, kí ènìyàn tó fọwọ́ kàn án, ń gbọn hóró rẹ̀ dà sílẹ̀ bí ó bá ti gbó. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ni ó ń ṣa èyí tí kì í gbọn dànù, títí gbogbo rẹ̀ fi dúró de dòjé. Ìyẹn náà, jíìnì ni wọ́n ń yípadà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ọgbà tí a fi sí Ádámù lọ́wọ́, láti máa ro ó ni a fi í fún un.

Ohun tí mo ní lọ́kàn sí àwọn onímọ̀ rèé. Ní 2008, ní ẹkùn Hunan ní Ṣáínà, a fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìrẹsì aláwọ̀ wúrà jẹ fún ìwádìí, a kò sì ṣàlàyé fún àwọn òbí wọn ní kíkún pé ìrẹsì tí a fọwọ́ kan jíìnì rẹ̀ ni. Àbájáde ìwádìí náà dára, ó jáde ní 2012. Ìwé ìròyìn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fà á padà ní 2015. Àwọn kan ní ó ṣe wọ́n láàánú pé a pàdánù ìmọ̀ tí ó wúlò. Èmi ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ náà tilẹ̀ jẹ́ mánà láti ọ̀run, òbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ẹ fi èyí wé ti àwọn sísítà tí wọ́n gbà fúnra wọn.

Ìyapa yìí sì ti ná àwọn ọmọdé ní nǹkan púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn ènìyàn wọ oko ìdánwò kan ní Philippines, wọ́n fa ìrẹsì náà tu. Ní 2021 ìjọba ibẹ̀ gbà kí àgbẹ̀ máa gbìn ín. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn dá a dúró. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá nígbà náà láti ìgbà tí hóró àkọ́kọ́ ti pọ́n. Àwọn alátakò ń sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yóò fi irúgbìn de àgbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí ni lórí àwọn irúgbìn mìíràn. Ti ìrẹsì yìí, àdéhùn tí a ṣe ni pé àgbẹ̀ tí èrè oko rẹ̀ kò tó 10,000 dọ́là lọ́dún kò ní san owó ẹ̀tọ́ kankan, ó sì lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ gbìn.

Ní ti àwa tí a wà nílé, n kò rò pé ìrẹsì aláwọ̀ wúrà ni a ṣe aláìní jù lọ. A ní epo pupa. Ìyá tí ń fi epo sínú gàrí kí ó tó yan án ti ń ṣe iṣẹ́ Potrykus láìlọ sí Zurich. Ní 2011 ni ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ti Umudike, gbé irú ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde tí inú wọn pọ́n nítorí èròjà fítámì Á yìí kan náà. Fífi akọ bá abo lò ni wọ́n fi ṣe é, kò sí jíìnì àjèjì níbẹ̀, síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọ tí a ń fi í bú pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí ìjọba gbà láyè ní 2019, èyí tí a fi jíìnì kòkòrò àìfojúrí sí kí kòkòrò má baà lu èèpo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí yóò wàásù lórí wọn yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ wọn kí ó tó gun orí pèpéle.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nílé ni irin. Ìrẹsì funfun ni àwọn ọmọ wa ń jẹ ní ilé àkọ́gbé, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ní ibi tí yóò ti rí irin gbà padà. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí a kì í bó funfun tán sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan wà nínú awọ rẹ̀ tí ń di irin mú. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún jẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí a máa lẹ àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mọ́ ibi tí òbí ti lè rí i ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Èkejì, mo gbọ́ pé a fẹ́ kọ́ ẹnu-ọ̀nà tuntun sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnu-ọ̀nà tí a ní kò tíì wó. Ẹ jẹ́ kí a yọ ìdajì owó náà fún ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjẹun, kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ epo, ọ̀fàdà, àgbàdo funfun àti àgbàdo pupa sí i, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn pa irú pọ̀, kí wọ́n sì ka ohun tí ó bá hù bí Mendel ti kà á. Mo ti fi àbá náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ìlérí ohun tí èmi fúnra mi yóò dá. A ó jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́.